Orí Kẹjọ: Àbọ̀ Iná — Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Iná Ẹ̀yìn Lára Ìjàpá àti Píjò 504

Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ bá kọ̀ tí kò tàn dáadáa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé gílóòbù ti jó. Wọ́n á ra òmíràn fi sí i. Bí kò bá tàn, wọ́n á pààrọ̀ fíúsì. Bí ìyẹn náà kò bá mú un tàn, wọ́n á ní kí réwáyà wá fa wáyà tuntun láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orí yìí tako ètò yẹn. Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, lára ọkọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbọ̀ iná ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó náwó sórí ohunkóhun, àti pé wíwọ̀n ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe fífojú wò. Iná kì í lọ láìbọ̀. Àlọ rẹ̀ ni wáyà tó ti ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì gba inú fíúsì àti súwíìṣì dé ìdí gílóòbù. Àbọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà kúrò lára gílóòbù padà sí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí àwọn réwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣọ́ àlọ, nítorí pé wáyà ni, a ń rí i, ó sì ní àwọ̀. Àbọ̀ ni a kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọjọ́ ogbó ọkọ̀ ti ń bá iná jà.

Ọkọ̀ méjì tí ará Òkè-Ògùn mọ̀ bí ẹni mowó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni Volkswagen Beetle tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ nílùú Èkó ní 1975. Èkejì ni Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ lọ́dún kan náà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní 1968, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 1969. Onílé ẹ̀yìn gígùn inú rẹ̀ ló kó èrò àti iṣu láàárín Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ọkọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, iwájú ni ti Píjò, omi ló ń tù ú. Ṣùgbọ́n nínú ohun kan wọn kò yàtọ̀. Àwọn tó ṣe wọ́n kò fa wáyà méjì lọ sí ìdí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni wọ́n fà, èyí tó gbé iná lọ. Irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di wáyà àbọ̀, nítorí pé bàbà wọ́n, irin sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìpinnu yẹn mọ́gbọ́n dání nígbà tí irin wà ní tuntun. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin láàárín gílóòbù àti bátìrì, yálà bóòtù ni, súkúrúù ni tàbí wọ́ṣà ni, jẹ́ ara wáyà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ àbọ̀ iná yìí lára Ìjàpá. Iná ti inú òwú gílóòbù jáde sí ara ìdí rẹ̀ tó jẹ́ idẹ. Láti ara idẹ yìí ó bọ́ sí ara ihò tí gílóòbù jókòó sí, ó sì gba ibẹ̀ dé àwo irin tó gbé gbogbo iná náà dúró. Súkúrúù tó de àwo yìí ló gbé e kọjá sórí fẹ́ńdà. Fẹ́ńdà Ìjàpá kò jọ ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀: a kò jó o mọ́ ara ọkọ̀, bóòtù ni a fi dè é, a sì tẹ́ ọ̀já rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Nítorí náà àwọn bóòtù fẹ́ńdà nìkan ló kù tó lè gbé iná láti fẹ́ńdà sí ara ọkọ̀, bóòtù tó wà lábẹ́ níbi tí táyà ti ń ju ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ lù ú láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti délé. Lẹ́yìn èyí ni iná gba ara ọkọ̀ dé abẹ́ àga ẹ̀yìn níbi tí bátìrì wà, ó sì gba okùn ẹ́ẹ̀tì kan wọ ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹni bá ka àwọn oríkèé wọ̀nyí á rí i pé wọ́n ju márùn-ún lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a fi ike bò bí a ti fi bo wáyà. Ti Píjò kò tó èyí nínú ìpàdé irin lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ wà níwájú, nítorí náà gbogbo gígùn ọkọ̀ ni iná ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó délé. Ibi tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti so mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀ sì wà nítòsí ibi tí a ń kó ẹrù sí, tí àpò gààrí àti iṣu tútù ti ń fara nù ún.

Ojú ọjọ́ Òkè-Ògùn wá fi kún un. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku kálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀dà sójú ọ̀nà oko, eruku pupa á wọ inú ilé iná ẹ̀yìn láti ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti gan, á sì jókòó síbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn eruku gbígbẹ yìí kò ṣe iná ní nǹkan kan. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ni ọ̀rọ̀ yí padà: eruku á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á fa omi mọ́ra, á sì mú un lẹ̀ mọ́ irin fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìta ti gbẹ. Irin á dípẹtà. Níbi tí irin ti kan idẹ, ìjẹra náà tún máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irin oríṣi méjì tí omi wà láàárín wọn ń ṣe bí bátìrì kékeré, ọ̀kan a sì máa jẹ èkejì. Ìpẹtà kì í gbé iná dáadáa. Gbígbọ̀n ojú ọ̀nà sì ń tú bóòtù díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn tó tún ń dá kún ìṣòro yìí láìmọ̀ ni pẹ́ńtà. Ó fọ ọkọ̀, ó kun ún ní ọ̀dà tuntun dídán, ó kun ibi tí àwo iná ti máa ń kan fẹ́ńdà pẹ̀lú, ó sì dá iná padà sórí ọ̀dà. Ọkọ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti gba ojú irin, ọ̀nà àbọ̀ sì ti dí. Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà ní kété tó ti ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà dé, a kò ní láti ronú jìnnà.

Báwo ni ìdènà kékeré lójú irin ṣe lè pa iná tó pọ̀ bẹ́ẹ̀? Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 ló máa dáhùn. Gílóòbù iná búréèkì jẹ́ wáàtì 21 lórí fóòtì 12. Nígbà tó bá gbóná tó ń tàn, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ bí ómù 6.9. Ká ní ìpẹtà fi ómù 1 péré kún ọ̀nà àbọ̀. Fóòtì tó máa kù fún gílóòbù á jẹ́ nǹkan bíi 10.5. Èyí kò burú lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan iná ẹ̀yìn kì í ṣe gílóòbù kan. Iná búréèkì wáàtì 21, tírafíkétọ̀ wáàtì 21 àti iná alẹ́ wáàtì 5 ló jọ ń lo ẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lálẹ́ tó sì ń fi tírafíkétọ̀ hàn pé òun fẹ́ yà, wáàtì 47 ni gbogbo rẹ̀, ìdènà wọn lápapọ̀ sì kù sí bí ómù 3. Ómù 1 yẹn á wá gba nǹkan bíi fóòtì 3 nínú 12, á ku fóòtì 9 fún àwọn gílóòbù. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olówùú kì í sì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóòtì. Ó máa ń yára dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí fóòtì 10, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàn fi díẹ̀ ju ìdajì lọ ni. Lórí fóòtì 9, kò tó ìdajì rárá. Ó sún mọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí ewu pọ̀ jù, ìyẹn ìgbà tí awakọ̀ ń tẹ búréèkì tó tún fẹ́ yà nínú òkùnkùn, ni iná náà ṣókùnkùn jù.

Àwọn kan á ní iná tó ṣókùnkùn ṣì jẹ́ iná, pé bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá ti rí pupa díẹ̀, ó tó. Kò tó. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin ju mítà 22 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òwú gílóòbù máa ń gba nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gbóná débi tó máa tàn tán, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí fóòtì rẹ̀ kò bá pé. Ẹni tó wà lẹ́yìn ti rin mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí iná tó sọ̀rọ̀ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó ń sọ fún un pé búréèkì ni ọkọ̀ iwájú tẹ̀, kì í ṣe iná alẹ́ lásán, ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ wáàtì 21 àti ti wáàtì 5. Bí a bá ti pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́, a ti pa iṣẹ́ iná búréèkì rẹ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí a ní fún àbọ̀ iná ni ohun kan tí àwọn awakọ̀ máa ń kà sí àjèjì: wọ́n tẹ búréèkì, iná tírafíkétọ̀ ń ràn bàìbàì, wọ́n tan tírafíkétọ̀, iná alẹ́ ń ṣẹ́jú. Gílóòbù tó jó tàbí fíúsì tó já kì í sábà ṣe irú èyí, nítorí pé ohun tó já ń pa iná ni, kì í tan èyí tí a kò tàn. Gílóòbù búréèkì Ìjàpá ní òwú méjì nínú, òwú ńlá wáàtì 21 fún búréèkì àti òwú kékeré wáàtì 5 fún iná alẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ parí sí ara idẹ kan náà. Bí ẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yẹn bá já pátápátá, tí a sì tẹ búréèkì ní ọ̀sán, iná á gba inú òwú ńlá dé ara idẹ, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Kò ní dúró síbẹ̀. Á gba òwú kékeré sẹ́yìn, á gun wáyà iná alẹ́ padà lọ wá ẹ́ẹ̀tì lára iná alẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì tàbí ti iwájú. Ó tún lè gba inú gílóòbù tírafíkétọ̀ tó wà nínú ilé kan náà, kó tọ wáyà rẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀, kó sì rí ẹ́ẹ̀tì lára tírafíkétọ̀ iwájú. Gbogbo gílóòbù tó bá gba inú wọn kọjá ló máa pín fóòtì 12 mọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pọ́n bàìbàì tí ọ̀kan kò sì mọ́lẹ̀. Ohun tí a pè ní àjèjì jẹ́ iná tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ó tọ́ kí a dáhùn àtakò kan níbí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Gílóòbù tí kò bá ihò mu lè ṣe ohun tó jọ èyí. Gílóòbù olówùú méjì ní ojú méjì nísàlẹ̀, àwọn ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì dọ́gba ní gíga, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi í sódì. Olówùú kan ní ojú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi tipátipá ti olówùú kan sínú ihò olówùú méjì, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo lè kan wáyà búréèkì àti wáyà iná alẹ́ pọ̀, tí èyí á sì máa tan ìyẹn. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ yọ gílóòbù kí a wo ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, wíwọ̀n ẹ́ẹ̀tì sì máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn lójú ẹsẹ̀: níbi tí gílóòbù òdì ti ń ṣe é, ẹ́ẹ̀tì á wà ní mímọ́.

Àtakò tó gbilẹ̀ jù ni pé gílóòbù ló rọrùn jù tí ó sì dínwó jù, kí ló dé tí a kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? A fara mọ́ wíwò ó. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí a fi tuntun sí i kí a sì gba títàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nígbà tí réwáyà yọ gílóòbù àtijọ́ tó sì yí tuntun wọlé, idẹ tuntun náà ha ìpẹtà inú ihò. Ó tún gbọ́wọ́ lé àwo iná, ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, súkúrúù sì ha ọ̀dà díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣí ọ̀nà àbọ̀ díẹ̀ láìmọ̀. Iná tàn, oníbàárà sanwó, gílóòbù àtijọ́ tí kò lẹ́ṣẹ̀ di èyí tí a sọ nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpẹtà á padà sójú kan náà, wọ́n á sì ní gílóòbù ìsinsìnyí kì í tọ́jọ́. Ìtúnṣe tó yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà kò lè sọ èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gílóòbù ló bàjẹ́ lóòótọ́, kó mú èyí tó yọ, kó fi wáyà méjì gbé e lé orí bátìrì ní tààrà. Bí ó bá tàn rokoṣo níbẹ̀, kì í ṣe òun ló bàjẹ́.

Wíwọ̀n tí à ń sọ yìí kò le. A ó tan iná ẹ̀yìn, a ó ní kí ẹnìkan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. A ó gbé mítà sí ipò fóòtì, a ó fi ẹnu rẹ̀ kan sí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe sára ọkọ̀, a ó sì fi ẹnu kejì kan ara idẹ gílóòbù. Lára Ìjàpá, wáyà mítà lè dé ibẹ̀ láti abẹ́ àga. Lára Píjò, a ó ní láti fi wáyà gígùn kan kún un kó lè dé ẹ̀yìn. Bí mítà bá ka fóòtì 0.2 tàbí kí ó dín, àbọ̀ wà ní mímọ́. Bí ó bá ju 0.2 lọ, ìdènà ti wà lójú ọ̀nà; bí ó bá ju 0.5 lọ, ó ti pọ̀. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ka 12, ẹ́ẹ̀tì ti já. Tí a bá ti rí ìdènà, a kò ní yí ẹnu tó wà lórí bátìrì padà. Ẹnu kejì ni a ó máa gbé láti orí idẹ gílóòbù bọ́ sórí ihò, sórí àwo, sórí fẹ́ńdà, sórí ara ọkọ̀. Ibi tí fóòtì bá ti já wálẹ̀ lójijì láàárín irin méjì, ibẹ̀ ni àléébù wà, a kò sì tíì tú nọ́ọ̀tì kan. Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé níbí, ó sì lè sọ gbogbo iṣẹ́ yìí di asán: kíka 0 kò túmọ̀ sí nǹkan kan bí iná kò bá ń ṣàn. Bí àlọ bá ti já, kò sí iná lójú ọ̀nà àbọ̀, mítà á sì ka 0 bí ọ̀nà náà tilẹ̀ dípẹtà tán. Nítorí náà, bí gílóòbù kò bá tàn rárá tí mítà sì ka 0, ojú wáyà tó gbé iná wá ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n. Bí fóòtì 12 kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àlọ ni, ẹ́ẹ̀tì kò tíì jẹ́jọ́.

Àwọn réwáyà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á ní àwọn kò nílò mítà, pé tẹ́sítà oníná tó wà lọ́wọ́ àwọn ti tó. Tẹ́sítà dára fún àlọ. Fún àbọ̀, ó ń tanni jẹ, ìṣirò ló sì fi hàn. Ká ní gílóòbù inú tẹ́sítà jẹ́ wáàtì 2, ìdènà rẹ̀ nígbà tó ń tàn jẹ́ ómù 72. Bí ẹ́ẹ̀tì bá ní ìdènà ómù 5, èyí tó burú gan-an, tẹ́sítà á ṣì rí ju fóòtì 11 lọ nínú 12, á tàn dáadáa, réwáyà á sì ní ẹ́ẹ̀tì yìí dára. Gbé gílóòbù búréèkì wáàtì 21 lé ẹ́ẹ̀tì kan náà: fóòtì 7 péré ló máa rí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ní tó ìdá márùn-ún èyí tó yẹ. Ohun tó ń lo iná díẹ̀ kò lè dán ọ̀nà tí iná púpọ̀ ń gbà wò. Bákan náà ni ìró tí mítà máa ń dún bí a bá fi í wá ọ̀nà: okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù nínú wáyà tó ti já tán lè mú kó dún. Réwáyà tí kò bá ní mítà lè so wáyà méjì mọ́ gílóòbù wáàtì 21, kó sì fi ìyẹn ṣe tẹ́sítà ẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kì í tètè tanni jẹ.

A kò sọ pé gbogbo àléébù iná ẹ̀yìn ló wà nínú àbọ̀. Bí iná búréèkì ọ̀tún àti òsì bá kú lọ́jọ́ kan náà tí àwọn yòókù ń tàn, kò ṣeé ṣe kí ẹ́ẹ̀tì méjì já lẹ́ẹ̀kan náà. Fíúsì tàbí súwíìṣì búréèkì ni kí a lọ bá. Súwíìṣì ti Ìjàpá wà lára sílíńdà búréèkì, agbára epo búréèkì ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń gbó. Fa wáyà rẹ̀ méjèèjì yọ kí o so wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan: bí iná bá tàn, súwíìṣì ló kú. Fíúsì Ìjàpá náà, ọ̀pá funfun tàbí pupa olójú irin, máa ń dípẹtà níbi tí ẹnu rẹ̀ ti kan ìdìmú. Yíyí i díẹ̀ lè mú iná padà, fífọ ìdìmú ló sì ń mú un dúró. Bí fíúsì bá sì ń já léraléra, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin. Ibi tí a ó kọ́kọ́ wò ni ibi tí wáyà iná nọ́ńbà ti gba ẹ̀gbẹ́ àgbékọ́ ìdérí ẹ̀yìn, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i tí a pa á ni wáyà náà ń ṣẹ́ po. Ẹni tó bá fi bébà sìgá tàbí ìṣó rọ́pò fíúsì níbẹ̀ ti sọ wáyà fúnra rẹ̀ di fíúsì. Lára Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀nà epo bẹntiróòlù jọ wà lẹ́yìn, kò sí àwíjàre fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtúnṣe àbọ̀ fúnra rẹ̀ kò gba owó. Tú súkúrúù àwo iná, fi sáńpépà ha ojú irin méjèèjì títí wọ́n á fi dán, ha inú ihò gílóòbù pẹ̀lú, dì wọ́n padà le dáadáa, kí o sì fi fasilíìnì díẹ̀ bò ó níta kí omi má rí ojú rẹ̀. Fún Ìjàpá, a dámọ̀ràn kí a fi wáyà ẹ́ẹ̀tì kan kún un láti ara àwo iná lọ sí ara ọkọ̀ ní tààrà, kí iná má tún gbójú lé bóòtù fẹ́ńdà mọ́. Wáyà bàbà tí ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm² ti tó: mítà méjì rẹ̀ kò ní ìdènà tó ómù 0.03, kò sì ní gba ju nǹkan bíi fóòtì 0.1 lọ bí gbogbo iná ẹ̀gbẹ́ náà bá ń tàn pọ̀. Àwọn kan á ní wáyà lórí wáyà ni ìyẹn, pé ó ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ̀sùn yẹn tọ́ sí ẹni tó ń fa wáyà àlọ tuntun tí kò ní fíúsì láti bátìrì. Kò tọ́ sí wáyà ẹ́ẹ̀tì, nítorí pé òun kò gbé iná lọ síbi tuntun kankan. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún irin lásán ló gbà. Kìkì kí ibi tó dì mọ́ jẹ́ irin híha, kì í ṣe orí ọ̀dà.

Àwọn ọ̀dọ́ á tún ní kí a gbé gílóòbù LED sí i kí ọ̀rọ̀ parí, nítorí pé kò fẹ́ iná púpọ̀. Òótọ́ ni pé ó ń lo díẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, nítorí náà ìdènà ómù 1 kò ní gba fóòtì púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kò ní dúró sórí ómù 1 nítorí pé a gbé LED sí i. Á máa jẹ irin lọ títí ẹ́ẹ̀tì á fi já. Ní àkókò yẹn LED á bẹ̀rẹ̀ sí í ràn láìjẹ́ pé a tàn án, nítorí pé iná díẹ̀ tó ń ṣìnà kiri ti tó láti tan òun. Ohun tó ń mú tírafíkétọ̀ ṣẹ́jú nínú ọkọ̀ àtijọ́ ni a sì ṣe fún gílóòbù wáàtì 21. Bí iná tó ń gbà á kọjá bá kéré jù, ìṣẹ́jú rẹ̀ á yí padà tàbí kó má ṣẹ́ mọ́. LED lè wúlò lára ọkọ̀ tí àbọ̀ rẹ̀ mọ́. Lára èyí tí kò mọ́, ó kàn ń sún ọjọ́ ìtúnṣe síwájú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má ṣe dá ọkọ̀ padà nítorí pé iná tàn. Ẹ tan iná alẹ́, ẹ tan tírafíkétọ̀, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ búréèkì, kí ẹ sì tún wọ̀n àbọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kí ẹni tó bá tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀ lè rí ohun tó máa fi wé. Bí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ kankan bá ju 0.2 lọ, iṣẹ́ kò tíì parí.